Ìpè tó rọ́pò áàpù: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ oògùn ìyá elélùbọ́ kan ní Bẹẹrẹ

Ìyá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe ẹnì kan tí èèyàn lè lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́ nídìí irinṣẹ́ tó ń fi fóònù rán àgbàlagbà létí oògùn la kó jọ sára ẹnì kan ṣoṣo, kí àṣírí aláìsàn kankan má baà tú. Iye oògùn tó ṣẹ́kù àti iye BP (ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) tó wà nínú rẹ̀ wà fún àpẹẹrẹ. Ìlànà, ìwọ̀n àti ìdí tí nǹkan fi ń bàjẹ́ ni kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ dì mú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí

Ẹni ọdún 73 ni ìyá náà. Agbo ilé kan lẹ́yìn Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn ló ń gbé, Ọjà'ba ló ti ń ta èlùbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, oògùn méjì ni wọ́n sì kọ fún un ní kíníìkì: amlodipine 10 mg, ẹyọ kan lójúmọ́, àti oògùn amúnitọ̀ tí wọ́n fi amiloride àti hydrochlorothiazide pò pọ̀, ẹyọ kan láàárọ̀. Kátárátì, ohun bí ìkùukùu tó ń bo dígí inú ojú, wà lójú ọ̀tún rẹ̀. Ó ń gbọ́ràn bí èèyàn bá kọjú sí i, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì, "Kí lo wí?" ló máa ń tẹ̀lé e. Ó mọ nọ́ńbà orí owó, ó mọ ti orí fóònù, kò sì sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí ṣẹ́ńjì. Gbólóhùn gígùn ni kò lè kà.

Fóònù méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, onibọ́tìnnì, ìdí ìró rẹ̀ ló máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló ra èkejì, Android, kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn lórí WhatsApp. Ìyẹn kì í kúrò nílé. Orí rẹ̀ ni ọmọ náà fi áàpù ìránnilétí oògùn sí, ó ṣètò áláàmù aago mẹ́jọ àárọ̀ fún oògùn méjèèjì, ó sì tún ṣe é kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ máa yọ lórí fóònù tirẹ̀ l'Ékòó. Lójoojúmọ́ ló ń rí àmì aláwọ̀ ewé pé Màmá ti lo oògùn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tí ìyá lọ sí kíníìkì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, BP rẹ̀ jẹ́ 168/94. Nọ́ọ̀sì tún un wọ̀n, kò yàtọ̀. Ó ní kí wọ́n kó káàdì oògùn wá láti ilé. Nínú 28 ẹyọ amlodipine tó yẹ kó ti tán, 11 ṣì wà nínú káàdì. Amúnitọ̀ ṣẹ́ ku 16. Áàpù ní 28 nínú 28.

Ta ló tẹ bọ́tìnnì?

Ọmọ-ọmọ ni. Ọmọ SS2 ni, òun ló ń lo Android náà jù nínú ilé. Bí áláàmù bá dún láàárọ̀, bọ́tìnnì tó yára jù lọ láti pa á lẹ́nu mọ́ ni èyí tó sọ pé "Mo ti lò ó", torí èkejì, "Rán mi létí tó bá yá", máa ń mú un dún padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ tó ń múra ilé ìwé yóò tẹ èyí tí kò ní dà á láàmú mọ́. A ò lè bá a wí. Ìyá rẹ̀ àgbà ti jáde sí ẹ̀yìnkùlé nígbà yẹn, kò tilẹ̀ gbọ́ pé nǹkan dún.

Ohun tí áàpù ń kọ sílẹ̀ nìyẹn: ẹni tó pa áláàmù. Kò ní ọ̀nà kankan láti mọ ẹni tó gbé oògùn mì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú irinṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ fi kíka oògùn inú káàdì ṣe ẹlẹ́rìí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó tó gba àkọsílẹ̀ fóònù gbọ́. Nínú agbo ilé, fóònù kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó ń ṣe áàpù láti ibi tí olúkúlùkù ti ní tirẹ̀ lápò kò ní ronú kan èyí láé.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí àwọn ará ilé lọ́kàn ni pé àgbà ti dé, Màmá ti ń gbàgbé. Ìlú Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1992 ni ìwádìí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó tí wọ́n jọ ṣe láàárín Ìbàdàn àti Indianapolis ti wọ àdúgbò Ìdíkàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Hugh Hendrie sì wà lọ́hùn-ún. Ìdánwò tí wọ́n lò níbẹ̀, CSI-D, kò béèrè kíkà tàbí kíkọ, ó sì máa ń bi ẹnì kan nínú ẹbí léèrè pé báwo ni baba tàbí ìyá yìí ṣe ń ṣe nílé. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdánwò tó bá ní kí èèyàn kàwé yóò sọ ẹni tí kò lọ sílé ìwé di ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣákìí. Nọ́ọ̀sì bi ìyá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè bíi mélòó kan: ọjọ́ wo la wà, ta ló wá kí wọn lánàá, ta ló jẹ wọ́n ní gbèsè lọ́jà. Gbèsè èèyàn mẹ́fà ló ka sílẹ̀, pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ. Ká ní ìdáhùn rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà ni, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, ní ibùdó ìtọ́jú àgbàlagbà láti 2012, ibẹ̀ ni wọn ì bá darí rẹ̀ sí. Kò sí ìyẹn níbí. Wọ́n padà sídìí irinṣẹ́.

Níbi tí áàpù ti kọsẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ìró rẹ̀. Bí etí bá ń darúgbó, ìró tó ga fíofío ló kọ́kọ́ máa ń sọnù, nǹkan bíi 4000 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) sókè, kó tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Áláàmù tó ń ké "píì-píì" máa ń wà ní àyíká 3000 Hz, níbi tí etí àgbà ti ń kú lọ. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìkìlọ̀ iná inú ilé ti mọ èyí tipẹ́: ìró 520 Hz tó rinlẹ̀ máa ń jí àgbàlagbà àti ẹni tí etí rẹ̀ wúwo ju ìró 3100 Hz tó wọ́pọ̀ lọ. Nítorí náà ìró tó wà láàárín 500 sí 1000 Hz ni ká wá fún fóònù àgbà, pẹ̀lú gbígbọ̀n. Gbígbọ̀n yìí sì wúlò nìkan bí fóònù bá kan ara, bíi fóònù ìdí ìró. Fóònù tó wà lórí tábìlì ń gbọ̀n fún tábìlì ni.

Èkejì: ojú fóònù. Lẹ́tà eérú (#999999, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ àwọ̀ náà) lórí funfun ni wọ́n fi kọ orúkọ oògùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ méjèèjì jẹ́ 2.85 sí 1. WCAG, ìlànà àgbáyé fún mímú kí ojú ìwé orí ẹ̀rọ rọrùn fún gbogbo èèyàn láti lò, ń béèrè ó kéré tán 4.5 sí 1 fún lẹ́tà tí kò tóbi, 3 sí 1 fún lẹ́tà ńlá. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká lè ka eérú yẹn nínú yàrá, ṣùgbọ́n kátárátì máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká inú ojú, ohun tó bá sì ti fẹ́ẹ́ parẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò parẹ́ pátápátá lójú oòrùn. Bí wọ́n bá fi #595959 rọ́pò rẹ̀, ìyàtọ̀ á di 7 sí 1. Dúdú kirikiri ló tún dára jù. Dígí inú ojú àgbà tún máa ń pọ́n bíi epo díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé nìkan ṣe ìyàtọ̀ láàárín "ti lò" àti "kò tíì lò".

Ọwọ́ ńkọ́? Bọ́tìnnì tí wọ́n fẹ́ kí ó tẹ̀ kò tó ìwọ̀n 48 dp tí Android fúnra rẹ̀ dábàá, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìka tó ti ń da èlùbọ́ fún ọdún pípẹ́ máa ń gbẹ, ojú fóònù kì í sì í tètè mọ ìka gbígbẹ. Bí kò bá gbà, àgbà á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, fóònù á kà á sí títẹ̀-pẹ́, nǹkan mìíràn á ṣí. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ lo Android lè lọ sínú Settings, Accessibility, Timing controls, kó sún Touch & hold delay sí Long, kó sì sún Time to take action sí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Àtúnṣe kékeré tó máa ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn ni.

Ohun mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í rí nítorí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Láti Android 13, áàpù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó lè fi ìkéde hàn. Láti Android 14, ọ̀pọ̀ áàpù tuntun kò ní àyè áláàmù tó dún ní àkókò gan-an àyàfi bí oní-fóònù bá fún un. Tí ọmọdé bá tẹ "Má gbà" lẹ́ẹ̀kan, ó tán nìyẹn. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú tún máa ń pa áàpù tó wà lẹ́yìn kí bátìrì má baà tètè tán. Ẹni tó bá dán áàpù wò ní ọ́fíìsì lórí fóònù olówó ńlá tó wà lórí iná kò ní rí èyí rárá.

Èdè rẹ̀ náà ńkọ́. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n kàn yí i sí Yorùbá: "Lo oògùn rẹ nísinsìnyí." Ọmọ-ọmọ ka gbólóhùn yìí sókè fún ìyá àgbà, ìyá ní, "Ta ló ń bá wí?" Ẹni ọdún 73 ni fóònù ń pàṣẹ fún bí ẹni ń rán ọmọdé níṣẹ́.

Èyí tó ṣòro jù kò sì kan fóònù. Amúnitọ̀ aago mẹ́jọ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, ó ń le jù ní bíi wákàtí kẹrin, ó sì lè máa bá a lọ fún wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Aago mẹ́wàá sí méjìlá, ìdí igbá ni ìyá wà, ibi tí wọ́n ti lè tọ̀ sì jìnnà. Bí ó bá ní òde, ìnáwó tàbí ìsọmọlórúkọ, kò jẹ́ fẹnu kan oògùn náà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fò ó ni. Kò sí áláàmù tó lè wo èyí sàn. Ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n gbé e lọ.

Ohun tí dókítà yí padà

Dókítà gba amúnitọ̀ sí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, torí pé ó ju aago mọ́kànlá lọ kí àwọn oníbàárà èlùbọ́ tó pọ̀, ìyá sì lè dúró nílé títí di ìgbà náà. Wọn kò gbé e sí ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹni tó bá ń dìde tọ̀ lóru lórí ilẹ̀ tó dán nígbà tí iná ti lọ lè ṣubú. Amlodipine kò ní àkókò tó wù ú ju òmíràn lọ, alẹ́ ló bọ́ sí, lẹ́yìn oúnjẹ. Irinṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yí àkókò oògùn padà fúnra rẹ̀ láé. Ẹni tó kọ oògùn ló ń yí i.

Ìpè náà

Wọ́n fi Android sílẹ̀. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbà, torí pé òun ló wà lára ìyá. Kọ̀ǹpútà kan ń pe ìyá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì ń sọ Yorùbá tí a ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè kì í sanwó ìpè, nítorí náà kò ná an ní nǹkan kan. Bí òun náà bá fẹ́ béèrè nǹkan, ó kàn máa fi fíláàṣì sí nọ́ńbà náà, kọ̀ǹpútà á gé e, á sì pè é padà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohùn obìnrin tó ti dàgbà, tó rinlẹ̀, ni wọ́n gbà sílẹ̀, kì í ṣe ti ọmọdébìnrin tó ń kọrin sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan. Ìlà fóònù kì í gbé ju nǹkan bíi 300 sí 3400 Hz lọ, ìró s, ṣ àti f sì ń sọnù níbẹ̀ kó tó kan etí tó ti wúwo. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ Yorùbá ń là á já dáadáa. Nítorí èyí, ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ fi ara balẹ̀ gbé ohùn sí ipò rẹ̀, kí ó má sì sáré. Wọ́n dán kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwé sókè wò. Ibi tí àmì ohùn kò bá sí lórí ọ̀rọ̀, ó ń sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n pa á tì.

Ìpè àárọ̀ lọ báyìí (ihò inú àpótí oògùn, tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, ni ohùn náà ń tọ́ka sí):

"Ẹ káàárọ̀ mà." Ìdákẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin.
"Oògùn àárọ̀ yín ti tó lò. Ẹyọ kan ni. Ó wà nínú ihò funfun." Ìdákẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjì.
"Bí ẹ bá ti lò ó, ẹ tẹ aárùn-ún, bọ́tìnnì àárín tó ní kókó lórí." Ìdákẹ́.
"Bí ẹ kò bá tíì lò ó, ẹ tẹ òdo, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá."
"Ẹ mú fóònù kúrò létí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wàyí." Ìdákẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 15.

Ìdákẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tó tẹ̀ lé ìkíni ló gba àkókò jù lọ láti mọ̀. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, kò sí i níbẹ̀. Ohùn náà kí ìyá, ìyá dáhùn, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa lẹ jí? Ọkọ ńkọ́?", ohùn náà kò dúró, ó ti wọ inú oògùn lọ. Nígbà tí ìyá fi máa parí ìkíni, bọ́tìnnì ló ń gbọ́, kò mọ ti kí ni. Ó gé ìpè. Ìgbà tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un láti dáhùn ni gbogbo ìyókù tó lọ gaara.

Aárùn-ún àti òdo ní ìdí tiwọn. Bọ́tìnnì 5 ní kókó kékeré lórí lára ọ̀pọ̀ fóònù onibọ́tìnnì, ìka lè wá a rí láìfi ojú wò. 1 àti 2 fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ìka tó ń gbọ̀n á tẹ méjèèjì. Àṣìtẹ̀ á sì wà, nítorí náà bí ó bá tẹ nǹkan tí kì í ṣe 5 tàbí 0, ohùn kò gbọdọ̀ sọ pé "ẹ ti ṣì í tẹ̀". Ó kàn tún ìbéèrè sọ. Fún àwọn tó jẹ́ pé Android nìkan ni wọ́n ní, ọ̀ràn ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n bá gbé fóònù sétí, ojú rẹ̀ á kú, nígbà tí wọ́n bá sì mú un kúrò létí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ń ṣí nọ́ńbà kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́. Irú wọn ni a ní kí wọ́n fi ẹnu dáhùn, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá", kí a gbà á sílẹ̀ kí ẹnì kan gbọ́ ọ.

Bí kò bá gbé e, kọ̀ǹpútà á tún pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ-ọmọ ni yóò gba ìpè, kó tó jáde lọ sílé ìwé. "Kò gbé e" àti "nọ́ńbà kò wọlé" gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀. Ní ọjọ́ tí iná bá lọ tí bátìrì kú, a kò mọ bóyá ó lo oògùn. Àìmọ̀ ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n má kọ "kò lò ó".

Ìpè ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó gbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé nọ́ńbà tí kò bá mọ̀, kó má gbé e, torí àwọn yahoo. Ẹni tó bá sì gbé e, tí wọ́n ní "ẹ tẹ nọ́ńbà kan", kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ kó owó báńkì lọ? Ìkìlọ̀ tó tọ́ ni. Irinṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ yí padà. Nọ́ọ̀sì ṣe ìpè náà lójú ìyá ní kíníìkì, wọ́n fi nọ́ńbà náà pamọ́ sínú fóònù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ l'Ékòó sì gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: "Màmá, èmi ni. Ìpè oògùn yín nìyí. Kò ní béèrè owó tàbí nọ́ńbà ATM lọ́wọ́ yín láé."

Àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ

Wọ́n rò pé èyí ni yóò rọrùn jù. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àkójọ GSM, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Á, í, ó àti ú náà kò sí. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí á sọ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà di lẹ́tà 70, bí ó bá sì gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́tà 67 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ á sì di ti méjì tàbí mẹ́ta. Fóònù àtijọ́ mìíràn tún ń fi àpótí òfìfo hàn dípò lẹ́tà. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà wá di gbólóhùn kúkúrú: "Màmá kò tíì lo oògùn àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àpótí." Kò tó lẹ́tà 70, àmì ohùn rẹ̀ sì pé.

Síbẹ̀ kò dé. Ẹnì kan nínú ilé ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 tipẹ́ kí àwọn oníṣòwò má baà dà á láàmú mọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan kò sì lè wọ nọ́ńbà náà mọ́. Wọ́n fi ìpè rọ́pò rẹ̀.

Àpótí oògùn

Àpótí oníhò 14, méje fún àárọ̀, méje fún alẹ́. Lẹ́tà M, T, W tó wà lórí rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Wọ́n fi téèpù funfun sí ìlà àárọ̀, dúdú sí ìlà alẹ́, wọ́n sì fi téèpù nípọn sí ihò ọjọ́ Jímọ̀, èyí tí ìyá kì í ṣì mọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń ka ìyókù. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jọ ń kún un. Àpótí yìí ló ń dáhùn ìbéèrè tí ìpè kò lè dáhùn: bí ẹ kò bá rántí bóyá ẹ ti lò ó, ẹ wo ihò, bó bá ti ṣófo, ẹ ti lò ó, ẹ má tún lò ó. Lílo ìlọ́po méjì nítorí ìránnilétí lè pa ènìyàn lára ju fífo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ, BP á jábọ́, òyì á kọ́ ọ.

Wíwọn BP nílé

Ọjọ́ Àìkú, ọmọ-ọmọ ló ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi téèpù aránṣọ wọn apá ìyá kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ náà, nítorí aṣọ apá tó bá kéré ju apá lọ máa ń mú kí BP ga ju bó ṣe wà lọ. Apá 22 sí 32 sẹ̀ntímítà ń lo èyí tó wọ́pọ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n béèrè fún ńlá. Ìyá á jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ á fara ti nǹkan, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀, apá á wà lórí tábìlì ní déédéé ọkàn, kò sì ní sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan láàárín. Ọmọ-ọmọ á tẹ nọ́ńbà náà sínú ìpè, ohùn á sì kà á padà fún ìyá láti gbọ́.

Ibi kíkà á padà yìí ni àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ ìpè l'Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń kọsẹ̀. L'Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á gba "ọgọ́rùn-ún", "ogójì", "mẹ́jọ" sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á wá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, 138 ni méjìdínlógóje, 145 ni márùndínláàádọ́jọ, 152 ni méjìléláàádọ́jọ. A kò lè gé e sí wẹ́wẹ́. Wọ́n gba nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lódindi, láti 40 dé 220, ohùn 181, iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ìyá tó ń ka owó èlùbọ́ ní Yorùbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó tilẹ̀ ń sọ pé, "Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jù báyìí lọ."

Bí nọ́ńbà bá tó 180 lókè tàbí 120 nísàlẹ̀, ohùn á ní kí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá ṣì ga bẹ́ẹ̀, tàbí bí àyà bá ń dun ìyá, tí èémí kò dọ́gba, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀ tàbí tí apá kan rẹ̀ rọ, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Irinṣẹ́ kò sọ orúkọ àìsàn kankan.

Ohun tó yọrí sí

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ka oògùn. Amúnitọ̀ ṣẹ́ ku mẹ́rin nínú 28 tó kẹ́yìn. Amlodipine ṣẹ́ ku mẹ́jọ, ìdí tí ìyá fi ń fò ó kò sì yé ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìyá ń gbé ìpè alẹ́, ó sì ń tẹ òdo láìtan ara rẹ̀ jẹ. Ìbéèrè kan tí wọ́n fi kún ìparí ìpè ọjọ́ Àìkú ló tú u: "Ṣé nǹkan kan ń yọ yín lẹ́nu? Ẹ sọ ọ́ lẹ́yìn ìró yìí." Ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ìyá ní ẹsẹ̀ òun ń wú láti ọrùn ẹsẹ̀, bàtà òun kò wọlé mọ́, oògùn alẹ́ náà ló fa á, òun sì ń sinmi rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ ohùn wọ̀nyí lọ́jọ́ Ajé gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wíwú ọrùn ẹsẹ̀ jẹ́ ohun tí amlodipine máa ń fà, ó sì wọ́pọ̀ jù ní 10 mg ju 5 mg lọ. Dókítà dín in kù sí 5 mg, ó fi oògùn mìíràn kún un. BP oṣù tó tẹ̀ lé e jẹ́ 144/86, kò tíì dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Lójú tiwa, ìṣẹ́jú-àáyá 30 yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo ìránnilétí lọ.

Ọmọ tó wà l'Ékòó fẹ́ kí àkọsílẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ òun lójoojúmọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá kò gbà. Ó ní kí wọ́n sọ fún un bí òun bá fo oògùn ní ọjọ́ mẹ́ta léra, kì í ṣe kí ó máa ṣọ́ òun. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí èyí tó ń béèrè ìṣọ́ra ju lọ. Ẹni tó ni ara ló ni àṣẹ. Wọ́n gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ sílẹ̀ ní ohùn rẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ ọ, wọ́n sì ṣe é bó ṣe wí.

Nǹkan méjì ló kù nílẹ̀. Ààwẹ̀ Ràmàdánì ń fi bíi ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ rán nọ́ọ̀sì létí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí dókítà lè sọ bóyá kí ìyá gbààwẹ̀, kí sì ni kí wọ́n ṣe sí amúnitọ̀, nítorí ẹni tí kò mu omi lọ́sàn-án tí oògùn sì ń fa omi jáde lára rẹ̀ lè ṣubú lulẹ̀. Èkejì ni ọmọ-ọmọ. Ó ti fẹ́ bọ́ sí SS3, lẹ́yìn rẹ̀ á lọ sí yunifásítì. Orúkọ ìyàwó ilé tó wà ní yàrá ọ̀tún ni ìyá dá. Ó ti gba ìpè méjì. Èkejì, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ló gbé e, ó sì tẹ aárùn-ún.